Ọ̀tọ̀ ni pẹpẹ, ọ̀tọ̀ ni òkú ọmọ ìyá ẹni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Èmi kì í kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìròyìn. Kíkà ni tèmi, nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn yín bá gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tó jáde nínú ẹ̀dà yín tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìgbéraga ló ń da gbogbo ìjọ tí kì í fún ará ìjọ mìíràn ní Ara Olúwa láàmú. Ó fi àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn tó rọ̀ mọ́ ìlànà àtijọ́, ṣe àpẹẹrẹ, ti Kristẹni àti ti Júù pọ̀, ó ní àwọn ló burú jù. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, mo sì rò pé apá kan rẹ̀ ni ẹni náà rí.

Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Àttákè. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rán aṣọ ìjọsìn: ti àwọn fádà Àgùdà, ti ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ Elétò, àti sùtánà àwọn aláṣọ funfun, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, nítorí ìlú wa níbí ni Samuel Oshoffa ti bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ní 1947. Aṣọ funfun kì í ṣe aṣọ tí à ń fi ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì máa ń fi àkísà nu ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́, nítorí bí òróró ẹ̀rọ bá kán sí i, ọṣẹ kì í sábà mú un kúrò tán. Bí oníbàárà bá mú àkàrà lọ́wọ́ bọ̀, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn bá mi jà rí. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ ni mò ń ṣọ́, n ò kórìíra wọn.

Àgùdà ni mí, bíi bàbá mi. Inú Ìjọ Elétò ni ìyá mi ti wá kí wọ́n tó fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ mu ọmú kan náà, ti di aláṣọ funfun láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Bí ọ̀pọ̀ agboolé ṣe rí ní Àjàṣẹ́ nìyẹn.

Ní ìparí ọdún 2017, lẹ́yìn tí mo ti dá èsúsú fún ọdún mẹ́fà, mo bá àwọn ará ìjọ wa lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú mi rí Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Wọ́n mú wa lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, níbi tí a gbà pé wọ́n sin Jésù sí tó sì ti jíǹde. Ìjọ mẹ́fà ló ń lo ilé kan ṣoṣo yìí: Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Gíríìkì, àwa Àgùdà, Àméníà, Kọ́pítì ti Íjíbítì, Síríà àti Etiópíà. Orí òrùlé ni àwọn mọ́ńkì Etiópíà ń gbé, nínú yàrá kótópó kótópó. Àkàbà igi kékeré kan fara ti fèrèsé lókè ẹnu ọ̀nà, ó ti wà níbẹ̀ ju igba ọdún lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a gbé kúrò, nítorí ọba Tọ́kì, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ti pàṣẹ ní 1852 pé bí olúkúlùkù ṣe bá a ni kó fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ń bẹ lọ́wọ́ ìdílé Mùsùlùmí méjì: ọ̀kan ń tọ́jú rẹ̀, èkejì ń fi ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí afinimọ̀nà sọ èyí, àwọn ará Faransé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lanu sílẹ̀. Àwa ará Àjàṣẹ́ wo ara wa. Kò jọ wá lójú.

Wọ́n máa ń jà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2008, àwọn mọ́ńkì Gíríìkì àti ti Àméníà lu ara wọn débi pé ọlọ́pàá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí. Ilé kékeré tó bo ibojì náà ti ń mì, irin ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dì í mú ní 1947, ọdún kan náà tí Oshoffa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àádọ́rin ọdún ni irin yẹn fi wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ni ilé kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí àtúnṣe. Nígbà tó yá, Gíríìkì, Àméníà àti Àgùdà gbà fún ara wọn, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹta 2017. Mo fọwọ́ kan òkúta náà, kò sí irin lára rẹ̀ mọ́. Àwọn tó jọ tún un ṣe yìí kì í jọ gba Ara Olúwa.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọnú ìsìn àwọn Gíríìkì. N ò mọ òfin wọn. Nígbà tí wọ́n tò láti gba Ara Olúwa, èmi náà tò. Ìyá arúgbó kan tó wé ìborùn dúdú rọra di ọwọ́ mi mú, ó mirí, ó sì fi ìka júwe fún mi pé kí n pa dà sẹ́yìn. Ojú tì mí, mo lọ dúró ti òpó kan. Nígbà tí ìsìn parí, fádà wọn dúró níwájú pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Ìyá yẹn gba tirẹ̀, ó gba ègé mìíràn, ó rìn wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka mi dé lé e. Búrẹ́dì náà ti gbẹ díẹ̀, òórùn tùràrí wà lára rẹ̀. Afinimọ̀nà ṣàlàyé fún mi lóde pé búrẹ́dì tí wọ́n súre sí ni, kì í ṣe Ara Olúwa, àlejò náà lè jẹ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni n ò ti lè pe àwọn èèyàn wọ̀nyí ní agbéraga. Àwa Àgùdà gbà kí Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó bá fúnra rẹ̀ béèrè gba Ara Olúwa lọ́dọ̀ wa, ó wà nínú ìwé òfin ìjọ wa ti 1983. Àwọn kì í fún wa, àwọn àgbà wọn kì í sì í fẹ́ kí ọmọ wọn gba tiwa. Lójú wọn, jíjẹun lórí pẹpẹ kan náà dà bí ìgbà tí ìyàwó bá wọlé ọkọ: ẹ̀yìn ìdána ló ń wá. Ẹ ò tíì tọrọ, ẹ ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí Ìgbàgbọ́, ẹ wá fẹ́ gbé ìyàwó.

Ìjà náà kì í sì í ṣe ti àná. Ní oṣù keje 1054, Kádínà Humbert tí Róòmù rán gbé ìwé ìyọkúrò nínú ìjọ sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kọnsitantinópù, olú ìlú àwọn Gíríìkì nígbà náà. Pátíríákì Michael Cerularius, olórí ìjọ níbẹ̀, náà yọ àwọn tó gbé e wá. Ní 1204, àwọn jagunjagun Àgùdà tó rán àgbélébùú mọ́ aṣọ kó ìlú náà, Kristẹni ń kó ẹrù Kristẹni. Ọjọ́ keje oṣù kejìlá 1965 ni Póòpù Paul Kẹfà àti Pátíríákì Athenagoras tó pa ègún ti 1054 rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ tán, pẹpẹ ṣì yàtọ̀ títí dòní. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, nítorí wọn ò díbọ́n pé ohun tó ṣẹ́ kù ti yanjú.

N kò sọ pé gbogbo ìwà wọn ló dára o. Àwọn fúnra wọn kì í ṣe agboolé kan: Etiópíà, Kọ́pítì àti Àméníà ti yà kúrò lọ́dọ̀ Gíríìkì láti ìgbà àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Kalísédónì ní 451. Ní 2018, Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Mọ́síkò já ìdàpọ̀ pẹ̀lú ti Kọnsitantinópù lórí ọ̀rọ̀ Ukraine, nígbà tó sì di ìparí 2021, ó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní Áfíríkà, lórí ilẹ̀ tí Pátíríákì Alẹkisáńdíríà ń bójú tó. Èyí bí mi nínú. Ìjà ilé wọn ni wọ́n gbé wá jà lẹ́yìnkùlé wa.

Ti Júù yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ti ṣìnà. Lọ́dọ̀ Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Júù, Júù ni, bí kò tilẹ̀ ka Tórà, ìwé òfin Mósè, rí. Wọn kì í lé e kúrò nínú ẹbí. Àṣẹ àwọn rábì (olùkọ́ ìsìn Júù) ti ẹ̀ka Alátùn-únṣe ni wọn kò gbà, ìyẹn àwọn tó tún ìlànà ìsìn ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, tí wọ́n ṣí ilé ìsìn ní Seesen ní 1810 àti ní Hamburg ní 1818, tí wọ́n gbé dùùrù wọlé, tí wọ́n sì ń wàásù ní èdè Jámánì. Níbi Ògiri tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní Jerúsálẹ́mù, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ló ni àṣẹ: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Kò ṣàjèjì sí mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣọ funfun ṣe ń jókòó. Ìjọba ibẹ̀ ti gbà ní oṣù kìíní 2016 láti tún apá kan ṣe dáadáa fún àwọn tó fẹ́ kí tọkùnrin tobìnrin jọ gbàdúrà; ní oṣù kẹfà 2017, ó dá a dúró.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ni ní ìtàn, ló kà fún mi nípa Rábì Joseph Soloveitchik ní Amẹ́ríkà. Ní 1956, àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ Tórà mọ́kànlá ní rábì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ bá àwọn rábì ẹ̀ka yòókù jókòó nínú ẹgbẹ́ kan. Soloveitchik kò fọwọ́ sí i. Tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òde wà, ọ̀rọ̀ inú ilé sì wà. Bí ọ̀tá bá dojú kọ Júù, ọ̀rọ̀ òde ni, ká jọ dúró. Ti òfin Tórà, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, níbẹ̀ kò sì gba gbẹ̀rẹ́ rárá: ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ó sàn kó jókòó sílé ní Ọdún Tuntun àwọn Júù kó má gbọ́ fèrè ìwo àgbò, ju kó lọ gbọ́ ọ ní sínágọ́gù tí tọkùnrin tobìnrin ti jọ ń jókòó.

Ìsìnkú ńkọ́, ọ̀rọ̀ òde ni àbí ti inú ilé? Ní 1996, Rábì Hugo Gryn kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Alátùn-únṣe ni, ó ti la Auschwitz, àgọ́ ikú ìjọba Násì, já. Olórí Rábì Jonathan Sacks, tó jẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ó lọ síbi ìrántí rẹ̀ ní 1997, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn Alátùn-únṣe bínú nítorí ti àkọ́kọ́, àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó le jù bínú nítorí èkejì. Nígbà tí ọmọ mi kà á dé ibẹ̀, mo ní kó dáwọ́ dúró ná.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó kú ní àkókò òjò, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà mi, tí n kò ní dárúkọ, sọ fún mi pé bí mo bá wọ ilé ìsìn aláṣọ funfun lọ gbàdúrà òkú, kí n má tọ pẹpẹ wa wá mọ́. Mo gbà á gbọ́. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, èmi ni mo rán sùtánà tí wọ́n fi sin ín. Ó ga, kò sí sùtánà tó dé kókósẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí náà mo fi ìka mẹ́rin kún gígùn rẹ̀, mo sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà tú. Léraléra ni mo fọ ọwọ́ mi lóru yẹn. Lọ́jọ́ kejì, òdìkejì títì ni mo dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbọ́ orin láti ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn jáde wá, ó ní, “Àǹtí, ẹ ò wọlé ni?” N ò rí ohun tí mo lè fún un lésì.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo lọ bi fádà léèrè. Ó ní kò sí òfin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn àgbà ìjọ ní Àjàṣẹ́ fún nìyí. Ẹ máa ṣọ́ pẹpẹ yín, ẹ má fi í tọrẹ nítorí kí ayé lè yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó pọ̀, Àgùdà, Elétò, aláṣọ funfun, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní gbangba pé jíjókòó ti òkú ẹbí, gbígbé pósí, dídúró létí sàréè, kì í ṣe gbígba Ara Olúwa. Ẹ sọ ọ́ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi ẹnu ara rẹ̀ ṣòfin fún ọmọ olóòkú.

Ìrántí ọdún kẹta ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé mò ń bọ̀. N kò ní wọ sùtánà, nítorí n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, wọ́n sì mọ̀. Màá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, màá sì lọ jókòó sí apá ti àwọn obìnrin.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Àttákè, Àjàṣẹ́.