Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín lórí WhatsApp láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin náà á ti rí i pé mo ti kà á. Ẹ má bínú. N kò fojú pa yín rẹ́. Èsì tó wà lẹ́nu mi ló pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ.

Ẹ ní ẹ fẹ́ padà sí aṣálẹ̀ Sàhárà lóṣù kẹrin, síbi Marathon des Sables, eré ẹlẹ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tá a lọ sá ní Mòrókò. Nọ́ọ̀sì wa ti gbà, Àǹtí Olùkọ́ ti gbà, èmi nìkan ló kù ká pé mẹ́rin. "Ká lọ parí ohun tá a bẹ̀rẹ̀." Mo ka gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Èmi parí o. Àwa mẹ́ta la parí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò parí, òun ló sì gbé mi jókòó láago mọ́kànlá òru yìí.

Lánàá ni mo ń wá káàdì ilé ìwòsàn Bàbá. Mo wá a títí, ni mo bá fa àpò ẹ̀yìn tí mo gbé lọ sí Mòrókò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí mo máa ń ki ìwé sínú rẹ̀. Iyanrìn ṣì wà nínú àpò náà, láti 2019! Ó pọ́n rúsúrúsú, ó kúnná bí àtíkè. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ mi ba ọ̀rá kan, mo sì ti mọ ohun tó jẹ́ kí n tó fà á jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ni. Ó rí bí eérú, ìlà pupa kan yí i ká lọ́rùn ẹsẹ̀. A ò tíì já ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Tàbí kẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ rántí òṣùwọ̀n yín yẹn. Àwọn tó ń ṣe Marathon des Sables ní àpò ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.5 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju 15. Ẹ̀yin ní tiwa ò ní kọjá mẹ́sàn-án. Gbogbo oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹni, ó kéré tán kálórì 14,000, àpò ìsùn, kọ́ńpáàsì, ọ̀bẹ, dígí tí wọ́n fi ń ké sí ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí wọ́n fi ń fa oró ejò. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ ní gíráàmù. Ẹ fi ayùn gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wa! Nígbà tó kan ìbọ̀sẹ̀, ẹ ní méjì méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àpò. "Ẹni tó bá gbé ẹ̀kẹta, nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, àwa yòókù la máa bá a gbé e." Gbogbo wa ní ó dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa gbéra, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti wọn àpò mi tán, mo ki ẹ̀kẹta sí i.

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ìyẹn. Olè ìbọ̀sẹ̀.

A gbádùn ara wa lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Àgọ́ dúdú tó ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, èèyàn mẹ́jọ lórí ẹní kan, atẹ́gùn ń da iyanrìn sí wa létí. Ẹ̀ ń sọ ìtàn tẹ́ ẹ ti sọ nílé ní ìgbà ogún: bí Patrick Bauer ṣe dá rin Sàhárà lọ́dún 1984, tó padà wá dá eré náà sílẹ̀ lọ́dún 1986 pẹ̀lú sárésáré 23 péré. Ìtàn àwọn Ahansal, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, Lahcen tó gbégbá orókè lẹ́ẹ̀mẹwàá àti Mohamad tó gbà á lẹ́ẹ̀màrún-ún. Ẹ ní àwa la jọ wọ́n, pé ẹ̀yin ni Lahcen, èmi ni màá máa jẹ eruku lẹ́yìn yín. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù ni ti Mauro Prosperi, ọlọ́pàá ará Ítálì tí ìjì iyanrìn mú sọnù lọ́dún 1994, tó rìn gbéregbère fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àdán, tí wọ́n sì wá rí i ní Àlùjéríà. Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ máa ń fà yọ níbẹ̀ kì í yí padà: "Ẹni tó bá dá rìn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ àdán." Ó wá di àṣà. Ẹnì kan á fẹ́ yára ju àwa yòókù lọ, a ó pariwo, "Àdán o!" Òfin yín ni pé ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà níwájú, kí ìrìn rẹ̀ jẹ́ ìrìn gbogbo wa.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ tó gùn jù, tó lé ní 70 kìlómítà, ẹ̀yin lẹ wà níwájú láti ọ̀sán. N kò fẹ́ kó hàn lójú mi pé mo rí i. Nígbà tílẹ̀ ṣú, iná kékeré tí wọ́n fún wa so mọ́ àpò nìkan ni mo ń wò lẹ́yìn yín, ó ń yẹ̀ sí òsì, ó ń yẹ̀ sí òsì. A dé ibùdó omi. Wọ́n lu káàdì wa, wọ́n fún wa ní ike omi tí wọ́n kọ nọ́ńbà wa sí. Ẹ jókòó. Ẹ da iyanrìn inú bàtà nù, ẹ fa ìbọ̀sẹ̀, awọ gìgísẹ̀ òsì yín sì tẹ̀ lé e bí èèpo. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín ń mì bí eyín ọmọdé. Ìléròrò tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín ti bẹ́, iyanrìn ti kún un. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì orí mi kúrò níbẹ̀.

Atẹ́gùn ti gbé ìbọ̀sẹ̀ yín kejì lọ lórí okùn àgọ́ láti alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ béèrè pé, "Ta ló ní ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ?" Nọ́ọ̀sì ní tòun méjèèjì ti ya. Àǹtí Olùkọ́ ní tòun méjèèjì ló wà lẹ́sẹ̀ òun, òun wọ ọ̀kan lé ọ̀kan. Ẹ wá wojú mi.

Mo ní, "Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo tún fi "ẹ̀gbọ́n mi" sí i.

Kì í ṣe pé ahun ni mí. Ojú ló tì mí. Bí mo bá fà á yọ báyìí, gbogbo wọn á mọ̀ pé mo ti tàn wọ́n láti ilé wá. Mo rò ó pé ìbọ̀sẹ̀ lásán, kí ló lè ṣe? Ẹ gbọn èyí tó ti tutù fún òógùn àti ẹ̀jẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ padà, ẹ ní ká máa lọ, ẹ ó bá wa. Nọ́ọ̀sì kọ̀, ó jókòó tì yín. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Kò sẹ́ni tó pariwo "Àdán o!"

Oòrùn ti yọ dáadáa kí ẹ tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì, àwọn ràkúnmí tó ń kó ẹ̀yìn gbogbo èèyàn kò sì jìnnà sí yín mọ́. Mo sunkún, ẹ rò pé ayọ̀ ni. Dókítà wo ẹsẹ̀ yín, ó ní kò gbọ́dọ̀ rí inú bàtà mọ́. Kìlómítà 42 ló kù ká sá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ẹsẹ̀ mi ló ṣe mí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan."

Èyí tí mi ò sọ fún yín rí rèé. Láàárọ̀ tá a fẹ́ gbéra fún 42 yẹn, ẹ fa àpò mi sọ́dọ̀, ẹ ní kẹ́ ẹ bá mi gbọn iyanrìn rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ dà á sílẹ̀ pátá, ẹ tún un tò. Apá òsì lókè ni mo ki ọ̀rá yẹn sí láti ilé. Lálẹ́, nígbà tí mo ṣí àpò, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, ẹ ká a wẹ́kú. Ibẹ̀ náà ni mo ti bá a lánàá.

Ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?

Bí ẹ bá rí i tẹ́ ẹ sì dákẹ́ láti ọdún yẹn wá, ẹ ṣẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá ti bá mi jà, ká ti parí ẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ tí Bauer fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí mi lọ́rùn ṣì wà lára ògiri yìí. Owó tá a torí Màámi lọ wá fún àwọn aláìsàn kíndìnrín náà pé, ó kan àwọn tí ẹ̀rọ ń bá sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ò sì bàjẹ́ nítorí ẹsẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìbọ̀sẹ̀ yìí ti dí mi lẹ́nu. Ọdún kẹta rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kì í yẹ̀, ẹ ṣeun. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pè yín kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó nìkan kọ́ o," gìgísẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí. Màá gbé fóònù sílẹ̀. Màá ní èmi ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ó yá, mo ti sọ ti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Wákàtí méjì méjì ni mo ń yí Bàbá padà lóru kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Aago mẹ́wàá, méjìlá, méjì, mẹ́rin. Mo ń kà á bí ibùdó omi. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń dún bí mo bá gbé e. Wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀ níbi iṣẹ́, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn lọ lórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Bàbá ló lọ́ra jù nínú wa báyìí. Òfin yín dà? Ẹ máa fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 250 kìlómítà nítorí aláìsàn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, mo sì mọ̀ pé tinútinú lẹ ó fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Èèyàn dáadáa ni yín. Ẹ ò kàn sí níbí ni.

N kò ní lè wá sí Mòrókò. Àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbà ní ìsinmi lóṣù kẹrin, ẹ gbé wọn wá síbí. Ẹ gba ti aago méjìlá àti ti aago mẹ́rin, kí n gba ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wọn mí lórí òṣùwọ̀n yín tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó rí ohun tó ti lọ lára mi.

Mo dá ọwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan láti lọ yí Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi kànga. Mo já ọ̀rá yẹn, mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà wọ̀ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sápá kan béèrè pé ta ló ni ín. Mo ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni.

Àbúrò yín