Èyí Kékeré Ló Bí Èyí Ńlá

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo ka ojú ewé sáyẹ́ǹsì tí ẹ ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ sọ níbẹ̀ pé gbogbo ẹ̀dá tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ní núkílíọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìyẹn kókó inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pa ìlànà ìgbé-ayé rẹ̀ mọ́, pé ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó díjú nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un ṣe, nítorí Yorùbá ni ẹ fi kọ ọ́, ohun tí ọmọ bá sì fi èdè ìyá rẹ̀ kà kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé girama kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti omi adágún. N ó se koríko gbígbẹ, n ó jẹ́ kó tutù, n ó bu omi adágún díẹ̀ sí i, n ó sì gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí mo bá wá fi ẹ̀kán omi náà kan sábẹ́ máíkírósíkópù, Paramecium, ẹ̀dá kékeré tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, á ti kún ibẹ̀, wọ́n á máa sáré kiri bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Gígùn wọn kò tó ìdajì mìlímítà. Mo máa ń tẹ́ òwú díẹ̀ sínú omi náà kí wọ́n lè dẹ ìrìn, màá wá kán aró aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní methyl green sí i kí inú wọn lè hàn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní SS1 bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá ní: “Bàbá Láàbù, núkílíọ́ọ̀sì méjì ni mo rí sà. Ṣé ọmọ èyí ńlá ni èyí kékeré tó fara tì í yìí?” Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ní kó dákẹ́, kó ya èyí tó wà nínú ìwé, kó sì kọ orúkọ sí i, pé wọn kì í bi ni nírú ìyẹn nínú ìdánwò. Èmi náà kò dá a lóhùn. N kò mọ èsì rẹ̀ nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Èsì rẹ̀ rèé. Àgbẹ̀ oníṣu lágbègbè wa yìí, láti Ifẹ̀ títí dé Iléṣà, kì í kó gbogbo iṣu rẹ̀ sódó. Ó ń ya èèbù sọ́tọ̀. Èyí tó kù ló fi ń bọ́ ilé. Núkílíọ́ọ̀sì ńlá inú Paramecium ni iṣu jíjẹ. Òun ló ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹun, bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ àti bó ṣe ń dàgbà, ẹ̀dà DNA inú rẹ̀, ìyẹn okùn tí ìlànà ìgbé-ayé wà lára rẹ̀, sì máa ń tó nǹkan bí 800. Ti Tetrahymena, ìbátan rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 45. Èyí kékeré ni èèbù. Ẹ̀dà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó ń dúró de àkókò rẹ̀.

Àkókò náà a máa dé. Paramecium méjì á fara kan ara wọn. Èèbù inú ọ̀kọ̀ọ̀kan á pín sí mẹ́rin, mẹ́ta á ṣègbé, èyí tó ṣẹ́kù á pín sí méjì, wọ́n á sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí tó wọlé á dà pọ̀ mọ́ èyí tó dúró sílé. Inú àdàpọ̀ yìí ni èèbù tuntun ti ń jáde, inú rẹ̀ náà sì ni núkílíọ́ọ̀sì ńlá tuntun ti ń dàgbà. Ti àtijọ́ ńkọ́? Á fọ́ sí wẹ́wẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á sì jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, ọmọ mi, èyí kékeré kì í ṣe ọmọ èyí ńlá. Òun ló bí i.

Àwọn kan á ní kí ni èrè kéèyàn mọ èyí. Nígbà tí núkílíọ́ọ̀sì ńlá bá ń dàgbà nínú Tetrahymena, okùn DNA rẹ̀ a máa já sí ègé púpọ̀, nǹkan bí 180, wọ́n á sì di ẹ̀dà lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbi tí ègé bá pọ̀ sí, ṣóńṣó okùn á pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ inú ẹ̀dá yìí ni Elizabeth Blackburn àti Joseph Gall ti wá ohun tó wà ní ṣóńṣó DNA tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ní 1984, Carol Greider àti Blackburn rí telomerase, èròjà tó ń tún ṣóńṣó náà ṣe. Àwọn méjèèjì àti Jack Szostak ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Àwa èèyàn pẹ̀lú ní irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wa.

Paramecium nìkan kọ́ ló tako ohun tí ẹ kọ. Bakitéríà kò ní núkílíọ́ọ̀sì rárá. Giardia tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ní méjì tó dọ́gba. Ti Stentor, ẹ̀dá inú omi tí òun náà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan, tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn, bí ẹ bá sì gé e sí wẹ́wẹ́, ègé tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ nínú lè tún ara rẹ̀ ṣe di odidi. Plasmodium tó ń fa ibà tó ń yọ gbogbo wa lẹ́nu, bó bá wọ ẹ̀dọ̀ èèyàn, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó pín ara rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ìlú yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi gba ẹ̀kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Ipasẹ̀ yẹn ni ojú ewé yín ń tọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé àṣìṣe inú rẹ̀ mì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ àtúnṣe náà sójú ewé kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fi há ìsàlẹ̀ ewé níbi tí ọmọdé kò ní rí i. Mo fi àwòrán Paramecium tí mo fọwọ́ ara mi yà sínú àpò ìwé yìí, méjèèjì hàn níbẹ̀ dáadáa. Ẹ lò ó, n kò gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Láàbù,
Ilé-Ifẹ̀.