Nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí wọn ò dá padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mí ní Ìsọ̀kùn níbí ní Iléṣà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe, ọ̀rọ̀ bàálù ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, torí èmi náà máa ń wọ̀ ọ́ báyìí, ọmọ mi obìnrin wà l'Ábújá, ẹ̀rù ojú títì sì ń bà mí, Àkúrẹ́ ni mo máa ń lọ wọ̀ ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ọmọ iṣẹ́ bá tú gíábọ́ọ̀sì, inú abọ́ ni gbogbo nọ́ọ̀tì ń lọ, yóò kà á lójú mi kó tó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, tó bá ń dì í padà yóò tún kà á. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sínú abọ́, ọkọ̀ yẹn ò ní jáde, kódà kí ẹni tó ni ín dúró sẹ́nu géètì kó máa pariwo. Ọmọ iṣẹ́ kan wà nígbà kan tó fi ẹyọ kan pamọ́ sápò torí kò fẹ́ tún un tú, mo bá a níbẹ̀, a tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bàálù Alaska Airlines yẹn ò fi kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, Boeing 737 MAX 9 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Portland l'Amẹ́ríkà, kò ju bí oṣù méjì lọ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan bá já dànù lókè. Ibi tí ilẹ̀kùn pàjáwìrì kan ì bá wà ni, wọn ò lò ó, wọ́n wá fi odidi pátákó irin dí i. Atẹ́gùn fa ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára ọmọkùnrin kan. Èrò 171 àti òṣìṣẹ́ 6 ló wà nínú ẹ̀, Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú, kò sẹ́ni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn gan-an. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá bàálù l'Amẹ́ríkà, wádìí ẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó yẹ kó di pátákó yẹn mú, ọ̀kankan ò sí níbẹ̀. Ní fákítìrì Boeing ní Renton ni wọ́n ti ṣí i torí rífẹ́ẹ̀tì tí ò dáa, wọ́n dá pátákó padà, wọn ò dá nọ́ọ̀tì padà, kò sì sí ìwé kankan tó sọ ẹni tó ṣí i tàbí ẹni tó pa á dé. Àìsí ìwé yẹn ló dùn mí jù. Gbogbo wa là ń gbàgbé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ṣí i, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ ibi tó yẹ kóun yẹ̀ wò.

737 MAX 8, ọmọ ìyá MAX 9 yìí, ló ti pa èèyàn 189 ní Indonesia lóṣù kẹwàá 2018, bàálù Lion Air nìyẹn, ó tún pa 157 ní Ethiopia lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi ọmọ Ìsánlú wà nínú wọn, mo ṣì ń rántí bí ara gbogbo wa ṣe bù máṣọ lọ́jọ́ yẹn. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS ló ń ti imú bàálù sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń wo bí imú ẹ̀ ṣe gbé sókè tó ló wà lára bàálù, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ tiẹ̀ nígbà yẹn, tí ẹyọ yẹn bá ti parọ́, wàhálà dé. Àwọn páílọ́ọ̀tì Lion Air ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wọn. Tí mọ́tò bá ń dún, màá páàkì ní Ìpetu, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàálù ò rí ibi páàkì sí lókè.

Níbí náà, a ti sunkún tó. Èèyàn 153 tó wà nínú bàálù Dana tó já sí Ìjù-Ìṣàgá ní 2012 ò sí ẹni tó yè, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló dákẹ́. Èyí tó gbé òkú Dókítà Àgágù, gómìnà Òǹdó tẹ́lẹ̀, ń bọ̀ l'Àkúrẹ́ ní 2013 já l'Ékòó, ìkìlọ̀ ń dún létí àwọn tó ń wà á, wọ́n ṣáà gbéra.

Lóṣù kejì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú bàálù kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ihò síkúrúù mẹ́ta ló wà lára pátákó tó wà lápá mi, méjì ló ní síkúrúù, ẹ̀kẹta ṣófo, ìdọ̀tí ti dí ojú ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ tó ti ṣófo. Mo mọ̀ pé pátákó inú lásán ni, kì í ṣe ara bàálù gan-an. Mo pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò, mo bi í irú bàálù wo la wọ̀ àti ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ó ní “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín.” Mi ò bínú sí i, wọn ò sọ fún òun náà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé tá a bá ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi irú bàálù náà ránṣẹ́ sórí fóònù wa, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ọjọ́ tó ti ibi àyẹ̀wò ńlá dé, èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa ń gbé bàálù lọ sókè òkun fún. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló máa ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí á fi san, ó yẹ káwa náà lóṣòó tì wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí ni, kò ní sípíà.

Ọmọ mi ń bọ̀ wálé lóṣù kejìlá, Àkúrẹ́ ló máa sọ̀kalẹ̀ sí. Mo ti sọ fún un pé kó tó sanwó, kó bi wọ́n, kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí wọn ò bá sì dá a lóhùn, kó kọ ìyẹn náà.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì kan ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà