Ilẹ̀ Ò Tíì Pín

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Mo kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí láago mẹ́rin ìdájí kí ẹ lè ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya lójú ọ̀nà Abuja, Olúwa á pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ yìí wà nínú ìwé Númérì, orí 27, ẹsẹ 1 sí 11. Mo mọ̀ pé bí a bá ti rí orúkọ àwọn ìdílé Ísírẹ́lì tó tò rẹrẹ nínú ìwé yẹn, ńṣe la máa ń ṣí i kọjá lọ sínú Sáàmù. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ dúró díẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Selofehadi. Ó kú sí aginjù, kò bí ọmọkùnrin kankan. Ọmọbìnrin márùn-ún ló fi sílẹ̀: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nígbà náà, tí wọ́n bá dé Kénáánì, kò sí ilẹ̀ fún wọn, orúkọ baba wọn á sì pa rẹ́. Àwọn ọmọbìnrin yìí dìde, ó di ẹnu ọ̀nà àgọ́ àjọ. Mósè wà níbẹ̀, Eleasari àlùfáà wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ pé síbẹ̀. Wọ́n sọ tẹnu wọn. Mósè ò lé wọn, kò bi wọ́n pé ta ló rán wọn wá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì ní òótọ́ ni wọ́n sọ, kí wọ́n fún wọn ní ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin márùn-ún ṣe di òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n lọ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Wọn ò tíì sọdá Jọ́dánì. Ilẹ̀ ò tíì pín. Nígbà tí ẹ bá dé ìwé Jóṣúà orí 17, ẹ ó tún bá wọn pàdé, ṣùgbọ́n wọn ò wá rojọ́ mọ́. Wọ́n kàn wá gba tiwọn ni, torí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ká ní wọ́n dúró di ọjọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké ilẹ̀ ni, ìjà ni ì bá dà.

Kí ló mú mi rántí wọn? Ará wa kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò dúró tì mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní ọ̀rọ̀ ìlera àti ìtọ́jú ọmọdé wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, pé kí ìjọ má sùn. Mo ní kó là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní A B D. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ ka àbádòfin (òfin tí wọ́n ṣì ń gbèrò) lẹ́ẹ̀kíní, ìyẹn ò ju kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á jiyàn lórí bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀, ìyẹn àwọn aṣòfin díẹ̀ tó máa jókòó tì í, tí wọ́n á máa tú u wò láti ìlà dé ìlà. Ìgbìmọ̀ yìí ló máa ń gba ìwé lọ́wọ́ aráàlú, òun náà ló máa ń pe ìpàdé ìtagbangba tí èèyàn lè lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ó di kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà, tí òfin ilẹ̀ wa fún ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kó ní òun ò fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni ẹnu ọ̀nà àgọ́ wà.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo bèèrè pé ta ló mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò wa nílé aṣòfin ní Lafia, olú ìlú ìpínlẹ̀ Nasarawa wa. Ọwọ́ méjì péré ló dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ni arákùnrin wa tó ń fi ọkọ̀ ná Akwanga àti Lafia. Bẹ́ẹ̀ ká ní mínísítà Abuja ni mo bèèrè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pàápàá ì bá dárúkọ rẹ̀. Abuja la ti ń jẹun, a wá gbà pé Abuja ló ń ṣòfin fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé Nyanya wà lábẹ́ Abuja, tí kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún un. Ẹni tó bá ti kọjá wá sí Mararaba níbí ti wọ Nasarawa, Lafia ni òfin rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger wá sin Ọlọ́run pẹ̀lú wa, Minna ni tiyín.

Àwọn kan á ní, "Olùṣọ́, àlejò la jẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ nìyẹn." Ẹni tó bímọ mẹ́ta sí Mararaba, tó kọ́lé sí Masaka, tí ọmọ rẹ̀ ń fi Hausa lá àlá, kí ló tún kù tó fi jẹ́ àlejò?

Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ ń ṣòfin lé lórí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀ kó tó lè múlẹ̀ níbẹ̀. Nasarawa wà lára àwọn tó tètè ṣe tiwọn. Èkó ṣe é ní 2007. Kaduna, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́, ọdún 2018 ló tó ṣe tirẹ̀. Ti Kano di 2023. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lójú òfin 2003, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kano lọ́dún náà ti kúrò lọ́mọdé fún ọdún méjì kí òfin tó fẹ́ dáàbò bò ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 2003 yẹn kan náà ni Kano dá oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fáwọn èèyàn pé májèlé ló wà nínú rẹ̀. Ó di 2004 kí wọ́n tó padà sí i, àrùn náà ti ràn kọjá ibodè nígbà yẹn. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ wa. Mo ti gbọ́ tí àwọn ará wa ń fi àwọn òbí yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè bá wọn ṣe é. Ohun tí a ò bá jókòó sọ nínú àgọ́, ẹ̀yìn àgọ́ ni wọ́n á ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni irọ́ sì ti máa ń wọ inú rẹ̀. Ṣé àwa náà ò ní irú rẹ̀? Nínú ọgbà ìjọ yìí ni ẹnì kan ti ń sọ pé òfin ọmọdé túmọ̀ sí pé bí o bá na ọmọ rẹ, ọlọ́pàá á wá gbé e lọ. Ọ̀pá tí Sólómọ́nì sọ nínú ìwé Òwe kì í ṣe wáyà iná, kì í sì í ṣe ata lójú. Ẹni tí kò bá fi ìyẹn tọ́mọ, kí ló ń bà á lẹ́rù?

Ibi tó ń wúwo lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn ná. Òfin 2003 yẹn sọ pé wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ilé tirẹ̀ tàbí ti ìdílé rẹ̀. Ó sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọmọdé kiri ọjà lójú títì márosẹ̀. A máa ń rí àwọn ọmọ almajiri pẹ̀lú abọ́ wọn lẹ́bàá títì, a máa ń mirí, à ń bi ara wa pé irú òbí wo ló bí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọmọ ta ni èyí tó pọn ọmọ, tó tún gbé báàgì, tí aṣọ rẹ̀ ò bá tàwọn tó kù mu?

Ilé tèmi ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Nígbà tí a wà ní Kaduna, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, a ní kí wọ́n bá wa wá ọmọ láti ilé. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Òkè Ògùn, ìwé kẹrin ló ń ṣe nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A ṣèlérí pé á máa lọ sílé ìwé. Ọdún kìíní, a ní kí àwọn ìbejì gbọ́njú díẹ̀ ná. Ọdún kejì, a ní ọwọ́ ò tíì dẹ̀. Mo ń gun orí pẹpẹ, mò ń wàásù nípa Sámúẹ́lì ọmọdé, ọmọdé kan sì ń fọ ìlédìí lẹ́yìn ilé mi. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Ìlọ́po mẹ́fà ni. Ó kọ ọ́ dé mẹ́fà lọ́nà méje, ó dúró síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ lọmọ yẹn ń wá o.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹni tó ń kúrò nílé láago mẹ́rin ààbọ̀, tó ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ta ni yóò bá a mú ọmọ nílé ìwé? Ìbéèrè gidi ni, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kó dé iwájú ìgbìmọ̀. Bí òfin bá ní ká má gba ọmọdé síṣẹ́ ilé, kó sọ ibi tí a máa gbé ọmọ wa sí, irú bí ilé ìtọ́jú ọmọ ládùúgbò, tí apá mẹ̀kúnnù ká, tí ẹnì kan láti ìjọba á máa bojú wò. Aṣòfin tí ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò gba Nyanya rí ò lè mọ̀ ọ́n tí a ò bá sọ fún un. Kò sì burú bí ẹ ò bá fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú àbádòfin. Òfin àwọn ọmọ Selofehadi pàápàá, wọ́n tún un ṣe: ní orí 36, àwọn àgbà ẹ̀yà Mánásè wá ṣàlàyé ibi tó kù sí, Mósè sì gbọ́ tiwọn náà.

Ti ìlera, n ó gé e kúrú. Ní Abuja yìí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí lọ́dún 2001 pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná wọn á máa lọ sí ìlera. Òfin 2022 sì sọ ètò ìlera adójútòfò di dandan. Àpótí àánú ìjọ wa ló mọ bó ṣe ń lọ, torí òun ló ń san owó ilé ìwòsàn fún àwọn tí kò sí lórí ètò kankan. Ẹ bi ìgbìmọ̀ pé báwo ni ìyá tó ń ta tòmátì ní ọjà Mararaba ṣe máa wọ inú ètò náà, èló ni yóò máa san, ta ló sì máa san ti ọmọ rẹ̀. Apá tiwa ńkọ́? Òfin ọmọdé kan náà sọ pé òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mú káàdì ọmọ yín wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ á bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìsìn.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tí a máa fi ránṣẹ́, agbẹjọ́rò wa ń bá wọn tò ó. Wọ́n ní àwọn ò ní fi rán ẹnikẹ́ni, àwọn á gbé e lọ sí Lafia fúnra àwọn. Arákùnrin wa onímọ́tò ní òun ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin mẹ́rin ló ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ. Ó ku ẹnì kan.