Selfridge Kì í Ṣe Ẹran Ẹbọ

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú tó ń bí mi ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé e kúrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, atọ́kùn ètò kan lórí rédíò ń sọ ìtàn bí bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó yin àwọn ọmọ Wright, Wilbur àti Orville, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi bàálù oní-ẹ́ńjìnnì fò, ó yìn wọ́n títí, kò burú. Nígbà tó kan ikú Thomas Selfridge, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú nínú bàálù wọn, ó ní ẹ̀mí kan kò lè ṣàìbọ́ sí i, pé ẹbọ tí ayé gbọ́dọ̀ rú nìyẹn kí a tó lè máa fò lónìí. Àwọn tó ń pè wọlé sì ń ṣe àṣẹ! Àṣẹ kí ni? Ta ló dá Ifá tó ní kí wọ́n fi ọmọ ọdún 26 rúbọ?

Ọjọ́ 17 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1908 ni, ní Fort Myer, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń dán bàálù àwọn Wright wò kí wọ́n tó san 25,000 dọ́là. Àdéhùn ni pé kí ó gbé èèyàn méjì, kí ó lo wákàtí kan lófuurufú, kí ó sì lè sá 40 máìlì ní wákàtí kan. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Orville ti gbé ọ̀gá ológun méjì, Lahm àti Squier, wọ́n sì sọ̀ láyọ̀. Kí ló wá yí padà? Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí láti ti bàálù síwájú ni. Abẹ̀bẹ̀ onígi tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ọjọ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó náà ni wọ́n gbé Lẹ́fútẹ́náǹtì Selfridge jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orville.

Wọ́n ti yí pápá ká bí ìgbà mélòó kan kí abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún tó sán. Ó gbá wáyà tó di ìrù bàálù mú, ìrù tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sì bàjẹ́. Orville pa ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ rọra sọ̀, àmọ́ láti nǹkan bí 75 ẹsẹ̀ bàtà ni bàálù ti fi imú sọlẹ̀. Itan òsì Orville kán, egungun ìhà rẹ̀ kán, bí ọ̀sẹ̀ méje ló lò ní ọsibítù. Agbárí Selfridge ló fọ́. Kò dé akoto kankan. Kò lajú mọ́ títí ó fi kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Otto Lilienthal ti já láti òfuurufú kú ní Jámánì lọ́dún 1896, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì lòun gùn, òun nìkan ló sì gùn ún. Selfridge lẹni àkọ́kọ́ tí bàálù oní-ẹ́ńjìnnì pa.

Abẹ̀bẹ̀ tuntun àti èrò, lọ́jọ́ kan náà! Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní Selfridge fúnra rẹ̀ ló ń wá àyè. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà mọ bàálù í fò, ó wà nínú ẹgbẹ́ Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ bàálù tiwọn lọ́tọ̀. (Orville kò tilẹ̀ fọkàn tán an nítorí ìyẹn.) Ṣé ẹni tó ń wá àyè ló ń fúnni láyè ni? Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Ti ìgbà yẹn, ti ìsinsìnyí, ọ̀kan náà ni wọ́n: máìlì ni wọ́n ń kà, owó ni wọ́n ń ṣírò, bí èèyàn bá kú tán, wọn á ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Lọ́dún 1909, Orville gbé bàálù tí wọ́n tún kọ́ padà sí Fort Myer, ó ṣe gbogbo ohun tí àdéhùn wí, wọ́n san 30,000 dọ́là, torí wọ́n fi 5,000 kún un nítorí pé ó sáré ju 40 máìlì lọ. Àtúnṣe ló mú un yege. Ẹ̀jẹ̀ Selfridge kò fi ohunkóhun kún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò máa ṣe kò ju yanrìn lọ. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ohunkóhun lára ẹ̀rọ, ì báà ṣe ìdè kan ṣoṣo, kí wọ́n wọn yanrìn sínú àpò títí yóò fi tó ìwúwo èrò, kí wọ́n dè é mọ́ àga, kí awakọ̀ gbé e fò léraléra. Tó bá sọ̀, kí wọ́n yẹ gbogbo wáyà àti igi wò, kí ó tún lọ. Mẹkáníìkì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bíréèkì ọkọ̀ èrò, òun nìkan ló ń kọ́kọ́ wà á yí àdúgbò ká. Abẹ̀bẹ̀ tuntun àti èrò kò gbọdọ̀ pàdé lọ́jọ́ kan náà. Yanrìn kì í kú, kò ní ìyá, kò sì wọ́n.

Kí akoto di dandan. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìtàn fún ilé ẹ̀kọ́ sì yéé fò láti 1903, tí àwọn Wright kọ́kọ́ fò, bọ́ sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ láàárín. Ojú ìwé kan péré tó láti sọ bí abẹ̀bẹ̀ yẹn ṣe sán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn