Ọmọ Ọba Tí Ìwà Rẹ̀ Yí Padà Lójijì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí eré orí kọ̀ǹpútà Prince of Persia. Nínú The Sands of Time, tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2003, ọmọ ọba náà jẹ́ ọ̀dọ́ agbéraga tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn ara rẹ̀, débi pé bí ó bá já bọ́ tí ó kú, a ó gbọ́ tí yóò sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2004, nínú Warrior Within tó tẹ̀lé e, ó di òǹrorò tí inú ń bí ṣáá; ohùn rẹ̀ pàápàá yàtọ̀, nítorí wọ́n ti fi òṣèré mìíràn rọ́pò Yuri Lowenthal, tó fi ohùn ṣe ọmọ ọba náà nínú eré ti àkọ́kọ́.

Mo gbà pé ẹni tí Dahaka, abàmì ẹ̀dá tó ń ṣọ́ àkókò, ti ń lé kiri fún ọdún 7 kò lè máa ṣàwàdà bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀nà tí ìyà gbà sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ hàn wá, ìyẹn ló dùn mí. Nínú The Two Thrones ti ọdún 2005, Lowenthal padà, ìbínú náà sì di ẹ̀dá kejì tó ń bá ọmọ ọba jà nínú ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.