Ẹ Má Fi Amọ̀ Nìkan Bo Ààtàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ọ̀rọ̀ títi ààtàn Olusosun l'Ọ́jọ́ta bá ti jẹyọ, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n kó amọ̀ bò ó, kí wọ́n sì kì í mọ́lẹ̀. Amọ̀ nìkan kò tó. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ń tú gáàsì jáde. Nǹkan bí ìdajì gáàsì yẹn ni mẹ́tẹ́ènì, ó sì máa ń gbiná. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, amọ̀ á sán, ojú ibi tó sán ni gáàsì á sì gbà jáde. Kò yẹ ká tètè gbàgbé iná tó jó níbẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2018.

Àwọn bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ pé mẹ́tẹ́ènì ni oúnjẹ wọn. Ohun tó so káríbọ́nù mọ́ háídírójìn nínú gáàsì yìí le gan-an. Iná tó ju 700°C lọ ni ilé iṣẹ́ fi ń tú u. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ara bakitéríà, tí wọ́n ń pè ní methane monooxygenase ń tú u nínú ilẹ̀ tútù! Bàbà ni oríṣi tó wọ́pọ̀ jù ń lò. Níbi tí bàbà bá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn bakitéríà kan ní oríṣi kejì tó ń lo irin. Ẹ́ńsáìmù yìí yóò mú ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, yóò fi átọ̀mù kan sára mẹ́tẹ́ènì kó lè di methanol, ìyẹn oríṣi ọtí kan, èkejì á di omi. Methanol á di kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ formaldehyde. Bakitéríà á fi apá kan rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀, ìyókù á di carbon dioxide.

Láìsí ọ́síjìn, iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, ẹ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà sórí ìdọ̀tí, kí gáàsì lè tàn ká dípò kó máa rú jáde lójú kan. Ẹ wá da kọ́ḿpóòsì, ìyẹn ajílẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí jíjẹrà ṣe, tó ga tó mítà kan lé e, kí àwọn bakitéríà yìí lè máa gbé inú rẹ̀. Ẹ má kì í o. Kó sì jẹ́ èyí tó ti jẹrà tán: bí ẹ bá yí òkìtì rẹ̀ padà tó tún gbóná, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ọ́síjìn mọ́ bakitéríà lọ́wọ́. Èyí tí ìgbẹ́ adìẹ tútù pọ̀ nínú rẹ̀ tún burú jù, torí amóníà, gáàsì tó ń jáde látinú ìgbẹ́ náà, jọ mẹ́tẹ́ènì lójú ẹ́ńsáìmù yìí. Amóníà ni yóò máa dì mú, mẹ́tẹ́ènì á sì kọjá lọ.

Ó tún ku omi. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kọ́ḿpóòsì kan, kí ẹ fún un: ó yẹ kó dì mọ́ra láìjẹ́ pé omi ń ṣàn jáde. Nínú omi, gáàsì ń rìn lọ́ra tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju nínú afẹ́fẹ́ lọ, torí náà ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí òjò lè ṣàn kúrò. Lákòókò ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i. Ooru ilẹ̀ wa bá àwọn bakitéríà yìí lára mu púpọ̀, torí 25 sí 35°C ni wọ́n fẹ́ràn. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Níbi tí gáàsì bá ti pọ̀ jù, páìpù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi fà á. Bakitéríà kò lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àmọ́ èyí tí páìpù kò bá rí mú, tiwọn ni.

Òǹkàwé yín, Èkó